Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ omi abúlé wa: ẹ wọn kílórìnì, ẹ má ṣe dá a dúró

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ omi abúlé wa, lágbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí i yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti kọ́kọ́ wá sílé Alága, mo sì ti pe akọ̀wé lórí fóònù. Èsì tí mo gbà ni pé ìpàdé ti parí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán, torí omi náà ṣì ń ṣàn, àwọn ọmọ wa sì ń mu ún lójoojúmọ́.

Ohun tí ẹ pinnu ni pé láti ọjọ́ ìpàdé yẹn lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da kílórìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí inú omi, sínú táǹkì mọ́. Ohùn kan tó ń lọ kiri lórí WhatsApp lẹ gbójú lé. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ní kílórìnì inú omi ń ba àbùdá èèyàn jẹ́, ìyẹn ohun tí a jogún lọ́wọ́ òbí tó wà nínú ara wa, ní àwọn òyìnbó mọ̀, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún àwa aláwọ̀ dúdú ni. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Yàrá tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wò ni mo ti ń jẹun ní Kétu, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

1. Ẹ kò wọn kílórìnì rí kí ẹ tó dá a dúró.

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ abúlé ti dáwó jọ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ yìí, ojú la fi ń wọn kílórìnì. Mo dúró wo ọmọkùnrin tí ẹ fi ṣọ́ táǹkì ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó bu lúbúlúbú funfun náà kún agolo mílíìkì kékeré dé ẹnu, ó gun àkàbà, ó dà á sínú táǹkì, ó fi igi rò ó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣí omi fún àwọn tó ti tò lọ́wọ́ kan náà. N kò bá ọmọ náà wí. Ta ló kọ́ ọ ní òmíràn?

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Lúbúlúbú yẹn ni wọ́n ń pè ní calcium hypochlorite, HTH lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bíi 65 sí 70 ni kílórìnì gan-an. Táǹkì wa gba 10,000 lítà. Ká ní agolo yẹn gba 100 gíráàmù péré, ká sì fi 65 ṣe é: mílígíráàmù 6.5 ló bọ́ sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kílórìnì inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ nínú lítà kan. Ìgbà tí táǹkì bá kún nìyẹn o. Bó bá jẹ́ pé ìdajì lomi wà, ó di 13. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àwọn ìyá ẹlẹ́kọ ń pariwo pé ògì wọn ń rùn bíi Javel tí a fi ń fọ aṣọ funfun?

Omi tó mọ́ kì í sábà nílò ju mílígíráàmù 2 lọ nínú lítà. Fún táǹkì tiwa tó bá kún, bíi 30 gíráàmù lúbúlúbú ló máa gbé e. A ó wá fi omi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí kílórìnì lè ṣiṣẹ́, kí ó sì ṣẹ́ kù bíi 0.5 mílígíráàmù nínú lítà. Nígbà tí omi bá fi máa dé ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù, ó yẹ kí 0.2 ṣì kù nínú rẹ̀. Ta ló ti wò ó rí? Ní ọjọ́ kan omi ń ta imú, ní ọjọ́ kejì àpò ti tán, kò sẹ́ni tó ra òmíràn. Ohun tí ẹ dá dúró kì í ṣe ìtọ́jú omi. Ìdàkudà lẹ dá dúró, ẹ ò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

2. Òótọ́ tó wà nínú ohùn yẹn.

N kò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín. Kílórìnì tí a dà sínú omi tó ní ìdọ̀tí ewé, èèpẹ̀ dúdú, ewédò àti òkú ẹranko máa ń bá àwọn nǹkan wọ̀nyí pò, ó sì máa ń bí àwọn kẹ́míkà tí kò sí nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Johannes Rook, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìlú Rotterdam ní Netherlands, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà rí i nínú omi tiwọn náà. Chloroform wà lára àwọn ọmọ tí kílórìnì bí yìí, àwọn arákùnrin rẹ̀ tó ní bromine, kẹ́míkà kan tó jọ kílórìnì, nínú sì wà pẹ̀lú rẹ̀. THM ni orúkọ ìdílé wọn. Ní 1976, iléeṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé chloroform tó pọ̀ fa jẹjẹrẹ lára eku.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe kan àbùdá? Àyẹ̀wò kan wà tí Bruce Ames gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á mú kòkòrò àìfojúrí kan, Salmonella, tí wọ́n ti ba ibì kan jẹ́ nínú àbùdá rẹ̀, tí kò fi lè ṣe histidine, èròjà kan tí kò lè dàgbà láìsí rẹ̀. Wọ́n á fi í sínú àwo tí histidine inú rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n á wá kan kẹ́míkà tí wọ́n fura sí mọ́ ọn. Bí kẹ́míkà náà bá ń yí àbùdá padà, àwọn kòkòrò kan á rí ohun tí wọ́n pàdánù gbà padà, wọ́n á sì hù lójú àwo ní kókókó. Wọ́n kó èròjà inú omi tí wọ́n ti fi kílórìnì tọ́jú jọ kí ó lè ki, wọ́n dà á sórí irú àwo bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò náà sì hù. Àwọn ará Finland tú u wò títí wọ́n fi rí i pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní MX, tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú omi kéré gan-an, wà lára àwọn tó ń fa ìyípadà yẹn jù lọ.

Ìyẹn lórí àwo. Lára èèyàn ńkọ́? Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Barcelona tẹ ìwádìí kan jáde nípa àgbàlagbà 49 tó lúwẹ̀ẹ́ nínú odò àtọwọ́dá oníkílórìnì fún ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ṣáájú, wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn rẹ̀. Bí THM oníbromine tó wà nínú èémí wọn ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn àmì kéékèèké kan ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn, irú èyí tó máa ń fi hàn pé nǹkan kan ti ṣe okùn àbùdá. Àyẹ̀wò mìíràn tí wọ́n ṣe lára àwọn èèyàn kan náà kò rí ìyípadà. Mo sọ méjèèjì kí ẹ lè mọ̀ pé n kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Lọ́dún yẹn náà, ìwádìí mìíràn láti Spain lórí jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ tún la nǹkan kan yé wa. Èèyàn ò rí bákan náà. Àwọn kan ní jíìnì, ìyẹn ẹyọ àbùdá kan, tí wọ́n ń pè ní GSTT1, àwọn kan ò ní in rárá. Jíìnì yìí ló máa ń mú THM oníbromine, tó sì máa ń sọ ọ́ di ohun tó lè fọwọ́ ba àbùdá. Ìwádìí náà rí i pé ìsopọ̀ tó wà láàárín THM àti jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ lágbára jù lára àwọn tí jíìnì yẹn wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé “bàbá mi mu ún, nǹkan kan ò ṣe é,” ẹ jẹ́ kó yé yín pé ara bàbá yín kọ́ ni ara aládùúgbò yín. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn olùwádìí fojú bù ú ní 2020 pé bíi 5 nínú 100 jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ tó ń ṣe wọ́n lè ti ọ̀dọ̀ THM inú omi wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé kílórìnì ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan láéláé, bó ṣe wù kó pọ̀ tó, irọ́ lòun náà ń pa.

3. Irọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ohùn náà ní àbùdá wa ti bàjẹ́, ó ní àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Ibi tí ìwádìí Barcelona ti rí ìyípadà ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ti Spain, àpò-ìtọ̀ ni. A kì í fi ẹ̀jẹ̀ bímọ, a kì í fi àpò-ìtọ̀ bímọ. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló máa ń parí sí. Àwọn onímọ̀ ti wò ó bóyá THM ń ṣe oyún inú ní nǹkan, àbájáde wọn ò dọ́gba: àwọn kan rí nǹkan díẹ̀, àwọn kan ò rí nǹkan kan. Àwọn tó ń to nǹkan tó ń fa jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fi chloroform sí ìsọ̀rí ohun tó ṣeé ṣe kó fà á lára èèyàn. Omi oníkílórìnì fúnra rẹ̀, wọ́n sọ ní 1991 pé ẹ̀rí ò tó láti fi dá a lẹ́jọ́.

Ó tún ní àwọn òyìnbó ń fi pa mọ́. Ṣé ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ ló máa tẹ̀ ẹ́ sínú òfin? Amẹ́ríkà fi òfin dí THM mọ́ 0.1 mílígíráàmù nínú lítà ní 1979, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 0.08 ní 1998. Ilẹ̀ Yúróòpù di 0.1 mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní chloroform kò yẹ kó ju 0.3 lọ, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí fi pípa kòkòrò inú omi ṣeré. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè yẹn tó tìtorí THM sọ pé kí wọ́n má pa kòkòrò inú omi mọ́. Wọ́n ń fọ omi wọn mọ́ kí wọ́n tó da kílórìnì sí i, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n.

4. Ẹ gun àkàbà yẹn fúnra yín.

Omi tó ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn wá kì í sábà ní ìdọ̀tí ewé púpọ̀ nínú bíi ti odò tàbí ọ̀gọ̀dọ̀. Ìyẹn ni pé kílórìnì ò ní rí nǹkan púpọ̀ bá pò níbẹ̀. Bromine tó ń mú THM burú sí i, ibi tí omi òkun bá ti ń wọ inú ilẹ̀ ló ti sábà máa ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ Kétu ò sí létí òkun. Nínú omi ilẹ̀ wa, ewu tí ohùn yẹn ń sọ yẹ kó kéré gan-an.

Àmọ́ táǹkì wa rèé! Ọmọdérí táǹkì ti là láti ìgbà ọyẹ́, ẹnikẹ́ni ò rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ka igi máńgòrò Bàbá Alágbẹ̀dẹ nà bò ó. Ewé ń já sínú rẹ̀, ewédò tútù ti lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ nínú, òkú alángbá tó ti jẹrà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí i, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ náà rí i. Àwa la ń kó oúnjẹ fún kílórìnì kó lè bí àwọn ọmọ burúkú yẹn. Bí ìdọ̀tí bá ṣe pọ̀ tó ni kílórìnì tó máa gbé e á ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni THM á ṣe pọ̀. Ẹ fọ táǹkì, ẹ dé e, ẹ ti dín ewu àbùdá kù láìná owó tó pọ̀.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹ̀yin bàbá mi.

5. Ohun tí ẹ fi wá sílẹ̀ fún.

Láti ìgbà tí ẹ ti dá kílórìnì dúró, kò sí ohun tó ń ṣọ́ omi náà lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ilẹ̀. Ó wọ táǹkì tí ọmọdérí rẹ̀ ti là, ó gba inú páìpù tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lẹ́yìn ọjà, ó wọ inú bídọ̀ọ̀nù tí a gbé epo rí, ó dé inú àmù, ọmọdé ki kọ́ọ̀bù bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò fọ̀. 0.2 mílígíráàmù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó wà nínú omi títí yóò fi dé ẹnu.

Mi ò ní láti ṣàlàyé onígbáméjì fún yín. Ó lè pa alààyè èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀ bí wọn ò bá tètè dá omi padà sí i lára, bẹ́ẹ̀ kílórìnì díẹ̀ báyìí ló ń pa kòkòrò tó ń fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú ibà jẹ̀funjẹ̀fun (taifọ́ọ̀dù). Ní 1905, nígbà tí ibà yìí ń pa àwọn ará Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kílórìnì ni wọ́n dà sínú omi ìlú. Nígbà tó di 1908, Jersey City ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́. Jẹjẹrẹ tí à ń bẹ̀rù yẹn, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ni èèyàn fi ń mu omi náà kí wọ́n tó máa ṣírò rẹ̀. Òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Láti ìgbà tí òjò ti dé, àwọn ìyá láti abúlé wa ti ń gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wá sí ibi iṣẹ́ mi. N kò ní sọ pé omi wa ló fà á, torí n kò tíì yẹ omi náà wò, ẹ̀yin náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Àwọn ilé kan tún ti padà sí ọ̀gọ̀dọ̀ torí wọ́n gbọ́ pé omi ẹ̀rọ ń ba àbùdá jẹ́. Ọ̀gọ̀dọ̀! Níbi tí àwọn bàbá wa ti kó sòbìyà.

Kí n tó gbàgbé: obìnrin mélòó ló jókòó ní ìpàdé yẹn? Àwa là ń pọn omi, àwa là ń sè é, àwa là ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ pinnu láìbi wá, ọmọ ló sì mú ìròyìn rẹ̀ wá bá wa lẹ́nu ẹ̀rọ.

6. Ohun tí mo ń béèrè.

Èkíní, kí ẹ ti ẹ̀rọ pa fún ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fọ táǹkì, kí ẹ kó ewédò àti òkú alángbá jáde, kí ẹ fi ọmọdérí tuntun sí i, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú ihò atẹ́gùn rẹ̀. Kí Bàbá Alágbẹ̀dẹ jọ̀ọ́ gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní ẹ̀yin ni òun ń dúró dè.

Èkejì, kí ẹ dá kílórìnì padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán. Kí ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, kí agolo mílíìkì kúrò lórí táǹkì. Kí ẹ ra ohun èlò DPD pẹ̀lú rẹ̀. Kò ṣòro lò: a ó bu omi sínú ìgò kékeré, a ó ju hóró oògùn kan sí i, omi á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí kílórìnì bá wà nínú rẹ̀, a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára páálí láti mọ iye rẹ̀. Bí kò bá pọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò sí kílórìnì níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá pọ́n kọjá ààlà, ó ti pọ̀ jù. Ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù ni kí ẹ ti máa bu omi náà láràárọ̀. Èmi á kọ́ ọmọkùnrin yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn lára.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ so ìwé kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí wọ́n máa kọ ọjọ́, iye lúbúlúbú tí wọ́n dà, àti iye tó ṣẹ́ kù nínú omi sí i, kí tẹrú-tọmọ lè rí i kà.

Ẹ̀kẹrin, àpò lúbúlúbú wà nílẹ̀ nínú ilé jẹnẹrétọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gálọ́ọ̀nù epo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí agolo kan ò fi jọ ara wọn. Bí epo bá kàn án, iná lè sọ. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù lẹ́tà yìí pàápàá.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ gbé omi wa lọ síbi tí wọ́n ti lè wá kòkòrò nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá wa wọn THM lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ọ̀rọ̀ WhatsApp lè kúrò nílẹ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ti ní òfin lórí bí omi mímu ṣe gbọ́dọ̀ rí láti 2001, wọ́n sì ṣe òfin ìṣàkóso omi ní 2010. A kì í ṣe erékùṣù.

Ẹ̀kẹfà, owó. Fáráǹkì 25 là ń san lórí bídọ̀ọ̀nù kan. Ẹ ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìlú, kí a mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n àti ohun èlò DPD ju agbára wa lọ lóòótọ́. N kò fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn rí i pé owó wà fún àga tuntun tí ẹ rà fún ìpàdé.

Ẹ̀keje, kí obìnrin méjì wọ ìgbìmọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́kọ.

Fún ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí: bí ìgbìmọ̀ bá dá kílórìnì padà tí òórùn rẹ̀ ń dà yín láàmú, ẹ bu omi sínú abọ́ tó fẹ̀ lẹ́nu, ẹ bo aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Púpọ̀ nínú òórùn náà á lọ. Bí ẹ bá sè é, chloroform pàápàá á bá oorù lọ. Ṣùgbọ́n omi tí kílórìnì ti kúrò nínú rẹ̀ kò ní olùṣọ́ mọ́. Ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́ yín lọ́wọ́. Títí ìgbìmọ̀ á fi dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa se omi ọmọdé kó hó.

Ẹ̀yin àgbà mi, mo ń retí ìdáhùn yín kí ọjà Kétu tó ń bọ̀ tó kọjá. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, èmi fúnra mi á bu ìgò omi méjì, ọ̀kan lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú àmù ìyá mi. Màá gbé e lọ bá àwọn tó ń mójú tó ìlera lágbègbè wa pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà yìí, èsì tí wọ́n bá sì fún mi ni màá lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìpàdé.

Èmi ni ọmọ yín,
òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, Kétu.